Irin tí mò ń gbé ń pọ̀ sí i, irin inú ẹ̀jẹ̀ mi ń tán lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Obìnrin ẹni ọdún 34 ni mí. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń lọ sí jíìmù, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, mi ò sì fi ṣeré rí.

Láti bí oṣù mẹ́ta ni nǹkan ti yí padà. Skọ́ọ̀tì (lílóṣòó-dìde pẹ̀lú irin léjìká) kìló 70 tí mo máa ń ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún láìmí hẹlẹ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mò ń ṣe é báyìí tí òòyì á fi kọ́ mi. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn, àyà mi á máa lù kì kì kì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo kọ́kọ́ rò pé àìsùn ni. Kóòṣì mi ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Hemoglobin 10.4, ferritin, ìyẹn irin tí ara tọ́jú pamọ́, 7: méjèèjì kéré. Dókítà kọ oògùn irin fún mi, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ jíìmù ò wá sí mi lọ́kàn àfi ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn sì ti wọlé.

Ṣé kí n pa jíìmù tì ni? Ẹ̀rù ń bà mí pé gbogbo ohun tí mo fi ọdún méjì kọ́ máa yọ́ dànù, ẹ̀rù sì tún ń bà mí kí n má lọ dákú sábẹ́ irin. Oògùn náà pàápàá, bí mo bá ti gbé e mì, èébì á máa gbé mi.

Agbérin-má-kérora:
Àǹtí, ẹ pa á tì. Ẹni tí ara rẹ̀ le ló ń gbé irin. Ẹ sinmi fún oṣù mẹ́ta gbáko, jíìmù ò ní sá lọ.

Ìyá Kẹ́hìndé:
Oṣù mẹ́ta kẹ̀! Àbúrò mi, má dá a lóhùn. Èmi náà ti bá a débẹ̀, tèmi tiẹ̀ jẹ́ 9.8. Gbọ́ bí dókítà mi ṣe là á yé mi: hemoglobin ni owó ọwọ́ rẹ, ferritin ni owó tí o tọ́jú pamọ́. Tìrẹ, èyí tó wà nípamọ́ ti tán, o sì ti ń ná ti ọwọ́.

Hemoglobin ló ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri ara. Gbígbé irin lẹ́ẹ̀mẹta péré kò béèrè afẹ́fẹ́ púpọ̀, ìgbà tí o bá ti gbé e sílẹ̀ tí ara fẹ́ padà bọ̀ sípò ni ìyà wà. Ìdí nìyẹn tí gbígbé e lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún léraléra pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan fi máa ń tán ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lókun. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pe ọ́fíìsì dókítà padà, mo bi í, ó ní kí n máa lọ níwọ̀nba. Mo dín ọjọ́ mẹ́rin kù sí méjì. Mo dín ìwúwo kù, mi ò ṣe ju ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń jókòó ìṣẹ́jú mẹ́rin láàárín. Mo pa eré sísá àti gbogbo eré ìmárale tí wọ́n ń ṣe léraléra láìdúró tì. Agbára tí ènìyàn ti kọ́ kì í yára lọ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ máa ń mú un dúró.

Àmọ́ bí àyà bá ń dùn ọ́, tàbí o ń mí hẹlẹ lórí ìjókòó, tàbí o dákú, jíìmù ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ kú ìfaradà, àǹtí. Èmi ò fẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ jíìmù gbàgbé ìbéèrè tó ṣáájú: níbo ni ẹ̀jẹ̀ yín ń gbà lọ? Fún obìnrin tí kò lóyún, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka hemoglobin tó wà lábẹ́ 12 sí àìtó ẹ̀jẹ̀, fún ọkùnrin 13. Ferritin tó bá wọ abẹ́ 15, àpò ti gbẹ. Ara kì í ṣàdédé gbẹ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan oṣù yín ń kọ́? Bí ó bá ń ju ọjọ́ méje lọ, tí ẹ ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan sí méjì, tí ẹ̀jẹ̀ tó dì ń jáde, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má tijú. Ẹ tún sọ gbogbo oògùn ìrora tí ẹ ń lò. Ibuprofen àti àwọn ìyekan rẹ̀ máa ń dá ọgbẹ́ sí inú ikùn, á máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn, ẹ má fi falẹ̀. Oògùn irin fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú o, nítorí náà ẹ rántí bí ó ṣe rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Oògùn náà: ẹ má fi tíì tàbí kọfí gbé e mì, ẹ má sì lò ó pọ̀ mọ́ kálísíọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn eré ìmárale tó le, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní hepcidin máa ń gòkè láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà, ó sì máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ irin nínú ìfun. Àárọ̀, kí ẹ tó lọ sí jíìmù, ló dára jù. Ní ti èébì, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó ní ọjọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ kan. Bí hemoglobin bá sì ti padà sípò, ẹ má jù ú sílẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ní kí ènìyàn fi bí oṣù mẹ́ta kún un kí àpò lè kún.

Bàbá Skọ́ọ̀tì:
Ọmọ mi, tìrẹ ṣàn, tèmi ki. Hematocrit mi, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, wọ 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ń gún abẹ́rẹ́ testosterone, èròjà akọ, tí dókítà kankan ò kọ fún mi, mo ń yangàn pé mo lágbára ní ọdún 56. Orí ń fọ́ mi ní gbogbo àárọ̀, ojú mi pọ́n bí ẹni tó mu ọtí. Dókítà ní bí ó bá ti kọjá 54, dídá abẹ́rẹ́ dúró ló kù, torí ẹ̀jẹ̀ tó ki lè dì nínú òpó rẹ̀. Mo dá a dúró. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ mo ṣì ń gbé irin.

Ohun kan tí ẹnì kan ò sọ fún mi: ìgbà kan mo ṣe deadlift (gbígbé irin láti ilẹ̀) tó le lánàá, mo lọ ṣe àyẹ̀wò lónìí. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ mi ti ń bàjẹ́! Mi ò sùn. Lẹ́yìn tí mo sinmi ọ̀sẹ̀ kan tí a tún un ṣe, kò sí nǹkan kan. AST àti ALT, àwọn èròjà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, máa ń jáde láti inú iṣan tí iṣẹ́ ti fọ́, kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀ nìkan. Kí o tó lọ fún àyẹ̀wò tó kàn, sinmi ọjọ́ mélòó kan, mu omi dáadáa, kí o sì sọ fún wọn pé o ń gbé irin.

AS-ni-mí:
Ẹ jẹ́ kí n fi ìkan kún un fún àwọn bíi tèmi. Jẹ́nótáìpù AS kì í ṣe àìsàn, mo sì ń gbé irin láti ọdún mẹ́fà. Àmọ́ ẹ má fi gbogbo agbára ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pàápàá nínú ooru. Bí iṣan bá ń rọ jọ̀wọ̀lọ̀ tí kò sì le koko bí ìgbà tí iṣan bá fa ènìyàn, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Agbérin-má-kérora:
Ìyá Kẹ́hìndé, mo gbà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó lọ láìbi dókítà.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín bá mi níbi tí mi ò retí. Mo lọ yẹ àpò jíìmù mi wò: páálí ibuprofen méjì, ọ̀kan ti ṣófo, ìkejì ti dé ìdajì. Nítorí orúnkún mi ni, ẹyọ kan kí n tó ṣe skọ́ọ̀tì, láti ọdún tó kọjá. Nǹkan oṣù mi náà ti wúwo, mo kàn rò pé bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Mo pe dókítà. Ó ní kí n jáwọ́ nínú ibuprofen, ó ti fi àyẹ̀wò ikùn sí ọjọ́ Ẹtì, ó sì ní mo lè máa gbé ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bí òòyì kò bá kọ́ mi.

Mo lọ lónìí. Kìló 45, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo aago. Kóòṣì mi wá bi mí pé ta ni mò ń dúró dè. Mo ní ẹ̀jẹ̀ mi ni.