Ilẹ̀ pupa: agbára ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí n kọ, àbí ti ìgbà òjò?

Ọmọ Ilẹ̀ Pupa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà lábù. Oṣù Èrèlé ni mo gé iyẹ̀pẹ̀ mi lẹ́bàá títì nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó le débi pé ọkọ́ ò wọ̀ ọ́, dígà la fi gé e. Mo gbé e bó ṣe wà sínú ẹ̀rọ direct shear, tó ń ti iyẹ̀pẹ̀ títí á fi já: cohesion (bí hóró ṣe di ara wọn mú) 68 kPa, friction angle (bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn) 29°. Mo rẹ ìyókù sómi, mo tún un ṣe: angle ò yẹ̀, àmọ́ cohesion já sí 14! Ọ̀gá mi ní kí n kọ 68. Ọkàn mi ò gbà á, ilé wà lórí òkè tí wọ́n gé yẹn. A ò sì ní ẹ̀rọ triaxial tó ń darí suction, ìyẹn ìfà omi inú ilẹ̀.

Bàbá Lábù:
Ọmọ mi, èsì méjèèjì tọ̀nà. Iyẹ̀pẹ̀ kan náà ni, omi inú ẹ̀ ló yàtọ̀. Bí ilẹ̀ bá ń gbẹ, omi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù láàárín hóró sí hóró á máa fà wọ́n mọ́ra. Suction nìyẹn. Fredlund, Morgenstern àti Widger kọ ọ́ lọ́dún 1978:

τ = c′ + (σ − ua) tan φ′ + (ua − uw) tan φb

τ ni agbára ilẹ̀, c′ ni cohesion tó kù bí ilẹ̀ bá mumi yó, σ ni ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́, φ′ ni friction angle. ua ni ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀, uw ni ti omi; ìyàtọ̀ wọn ni suction, φb ló sì ń sọ iye agbára tí suction ń fi kún un. 54 tó lé lórí 14 rẹ yẹn, òjò ló ni ín. Ọjọ́ tó bá dé ni yóò gbà á. 14 ni kó o fi ṣírò òkè tí ilé wà lórí ẹ̀.

Bébà lo máa fi wọn suction. Ra Whatman No. 42, bébà asẹ́ ti lábù; omi tó bá fà lára iyẹ̀pẹ̀ ló máa sọ suction fún ọ. Fi mẹ́ta tó gbẹ sáàárín iyẹ̀pẹ̀ méjì, ti àárín lo máa wọ̀n. Dì í pa, má ṣí i fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ẹ̀mú kékeré ni kó o fi mú bébà, kì í ṣe ìka, òṣùwọ̀n rẹ sì gbọ́dọ̀ ka 0.0001 gíráàmù. Pa fáànù! Mo ti rí bébà tí nọ́ńbà ẹ̀ ń já wálẹ̀ lójú mi lórí òṣùwọ̀n, torí pé atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́. Ọjọ́ méje ṣòfò.

Ọmọ Ilẹ̀ Pupa:
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣí i lónìí: nǹkan bí 200 kPa. 54 ká pín in sí 200 jẹ́ 0.27, φb wá jẹ́ 15°. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ará Òkè Òkun:
Ìṣirò ẹ pé, àbúrò, àmọ́ ojú kan péré nìyẹn. φb kì í dúró sójú kan: nígbà tí omi ṣì kún ilẹ̀, òun àti φ′ dọ́gba, bó ṣe ń gbẹ ló ń dín kù. Ṣe é ní ìwọ̀n omi mẹ́ta, ó kéré tán. Má sì banú jẹ́ nítorí triaxial. Mo lò ó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Afẹ́fẹ́ a máa yọ́ gba inú ceramic disc (àwo amọ̀ tó wà lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà) kọjá, á wá kóra jọ sábẹ́ ẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń fi omi fọ̀ ọ́ jáde, kí n má bàa ka ìwọ̀n omi tí kì í ṣe òótọ́.

Ọmọ Ilẹ̀ Pupa:
Màá kọ méjèèjì, màá sì fi bébà ti 14 lẹ́yìn níwájú ọ̀gá mi. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ níbí lálẹ́ àná. Mo ń lọ gé òmíràn lówùúrọ̀ ọ̀la.