Ta ló mọ eré orí ìtàgé tuntun ní èdè Yorùbá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀fà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní eré orí ìtàgé. Baṣọ̀run Gáà ti Fálétí àti Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìṣọ̀lá ò lè sú mi láéláé, ṣùgbọ́n Fálétí papò dà ní 2017, Ìṣọ̀lá ní 2018. Ta ló ń kọ tuntun báyìí?

Èyí tí mo nílò jù ni ọ̀rọ̀ tí òṣèré kan ṣoṣo máa dá sọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, pàápàá fún ọmọbìnrin: oníṣòwò, aránṣọ, ẹni tó ń retí èsì JAMB, kó má jẹ́ olorì nìkan. Bí ẹ̀ka èdè Ìbọ̀lọ́ tàbí Ìgbómìnà bá wà nínú rẹ̀, inú mi á dùn gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ òǹkọ̀wé àti ibi tí mo ti lè ra ìwé náà. Mi ò fẹ́ ẹ̀dà ayédèrú.