Agolo tó ń dún nínú ọgbà ìgbafẹ́

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Karu:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé. Ìyá Ìbejì bi wá pé níbo lèèyàn lè kó ọmọ lọ ní Abuja yìí lọ́jọ́ Sátidé tí wọn ò ní tẹjú mọ́ fóònù. Mo ní ìdáhùn, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi sí wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló sọ fún mi nípa eré kan tí wọ́n ń pè ní geocaching. Ẹnì kan á fi ike tàbí agolo pamọ́ sínú igbó tàbí ọgbà, á gbé nọ́ńbà ibi tó fi í sí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn á wá fi GPS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi téèyàn wà, wá a lọ. Bí o bá mú nǹkan nínú rẹ̀, wàá fi nǹkan tó tó o rọ́pò, wàá kọ orúkọ sínú ìwé kékeré tó wà níbẹ̀, wàá sì dá a padà sáyè rẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2000 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba wọn ṣíwọ́ mímọ̀ọ́mọ̀ mú kí GPS aráàlú máa ṣìnà. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí ọkùnrin kan ní Oregon fi ri korobá kan mọ́lẹ̀. Agolo ẹ̀wà wà lára ohun tó kó sínú rẹ̀. Ẹ̀wà o!

Mo ní kí n ṣe tiwa. Mo wá agolo mílíìkì ńlá kan, mo kó bírò aláwọ̀ sí i, mo fi bọ́ọ̀lù róbà kékeré sí i, mo tún fi aago tábìlì àtijọ́ kan kún un, torí àkọ́bí mi fẹ́ràn kó máa tú nǹkan palẹ̀. Nítorí ìrì, mo fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé e, mo fi téèpù dì í yípo yípo. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni mo lọ tì í sábẹ́ ewé gbígbẹ nídìí igi máńgòrò nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan. (N ò ní dárúkọ ọgbà náà, wọn ò ṣẹ̀ mí.) Ẹ̀yin ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, a gbé kúlà àti móínmóín, ó di ọgbà. GPS fóònù ń ṣe ségesège. Ní gbangba, ó lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà, ṣùgbọ́n lábẹ́ igi tó ṣú, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ sáré lọ, wọ́n sáré bọ̀. Kí wọ́n tó dé ìdí máńgòrò, ẹni tó ń gbálẹ̀ ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ó gbá ewé kúrò, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́.

“Kai! Mene ne wannan?” (“Há! Kí nìyí?” lédè Hausa.) Ìgbálẹ̀ gba ọ̀tọ̀ lọ, òun náà gba ọ̀tọ̀ lọ.

Kíá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn. Ìyá kan gbé ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ sá. Èmi tí mo wà ní Karu ní oṣù kẹrin 2014 nígbà tí bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya, tí mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, ó yẹ kí n ti ronú kàn án. Mo wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá ọ̀gá wọn. “Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ni.” Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní kí n lọ ṣí i fúnra mi, àwọn á dúró lókèèrè. Bí mo ṣe ń tú téèpù tí òógùn ń bọ́ lójú mi, àbíkẹ́yìn mi figbe ta: “Dádì, òjóró nìyẹn! Àwa la fẹ́ wá a!”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi ọ̀gá yẹn. Yorùbá tó gbọ́ ní Ìlọrin ló fi bá mi wí: “Alhaji, tí ẹ bá fẹ́ ṣeré, ẹ kọ́kọ́ wá sọ fún wa.” N kì í ṣe Alhaji o, ṣùgbọ́n mo ní mo ti gbọ́.

Àlọ́ apamọ̀ ni mo wá ń lò báyìí. Màá kọ ọ́ sínú ìwé lálẹ́, wọn á já a, wọn á wá ohun náà kàn, wọn á ya fọ́tò rẹ̀. “Kí ló wà nínú pọ́ọ̀sì ìyá yín, tó tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Kàdúná, tí kò sẹ́ni tó lè gbé e?” Àpáta Zuma ni, ó wà lára náírà 100. (Ìpínlẹ̀ Niger ló wà, a kàn ń bá wọn pè é ní ti Abuja ni.) Èyí tó pẹ́ wọn jù ni ti Ushafa, lọ́nà Bwari, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò: “Wọ́n wú u nílẹ̀, wọ́n gún un, wọ́n sun ún níná, síbẹ̀ òun ló ń fún wa lómi tútù.” Wọ́n yí ká títí, àfìgbà tí wọ́n rí ìyá kan tó ń po amọ̀.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Bauchi:

Tiyín sàn. Ní Yankari, ọgbà ẹranko igbó tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, ṣinṣín ni mo fi pamọ́ pẹ̀lú ìwé àlọ́, a wá lọ lúwẹ̀ẹ́ ní ìsun omi Wikki. Omi yẹn máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru, nǹkan bí ìwọ̀n 31 lórí Celsius, ọmọ kì í fẹ́ jáde. Ìgbà tá a padà, ìnàkí ti jẹ ṣinṣín tán. Ó jókòó, ó di ìwé mú bí ẹni tó ń kà á. A dúró kó kà á tán. Ẹ má fi oúnjẹ ṣe ìṣúra níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kubwa:

Ẹ rọra, ẹ̀rín pa mí! Ẹ fi àwọn àlọ́ yẹn ránṣẹ́ kó tó di Sátidé. Aago ńkọ́?

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Karu:

Àkọ́bí ti tú u palẹ̀. Kò dún mọ́.