Ìmọ́lẹ̀ aurora: ìgbà wo gan-an ni kí n jí àwọn ọmọ?

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀. Aberdeen ni mò ń gbé, ní Scotland, àtìgbà tí aurora, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tó máa ń tàn lójú ọ̀run lálẹ́, ti mú kí ojú ọ̀run pọ́n lálẹ́ ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 2024 tí mo sì ti sùn lọ, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀, mo fẹ́ káwọn ọmọ mi fojú ara wọn rí i.

Kp, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára òòfà ayé ṣe ń dà rú tó, ni mo kọ́kọ́ ń wò lórí fóònù, wọ́n ní tó bá ti tó 5, ìjì òòfà tó ń mú aurora wá ti dé nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kó àwọn ọmọ sí mọ́tò lọ sétí òkun níbi tí iná títì ò sí, òtútù mú wa gan-an, a ò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run mọ́ kedere o. Ẹnì kan wá ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣírò Kp, pé Bz ni kí n máa wò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bóyá òòfà inú atẹ́gùn oòrùn (àwọn ohun kéékèèké tí oòrùn ń tú jáde) kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, kó ti wọ ìsàlẹ̀ òdo, ìyẹn gúúsù. Lánàá ó wọ -8, kí n tó wọ bàtà tán ó ti gòkè padà. Mo mọ̀ pé sátẹ́láìtì tó ń wọn atẹ́gùn oòrùn yẹn fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 kìlómítà jìnnà sí wa, nítorí náà ohun tó bá rí ṣì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó kàn wá.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ìṣẹ́jú mélòó ni kí Bz fi wà nísàlẹ̀ òdo kí n tó jí wọn? Mo dúpẹ́ ṣáájú lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dá mi lóhùn.