Gìtá àtijọ́: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ọdún méjìlá ni mo ti fi ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó fojú kan gìtá ayé àtijọ́. Ashmolean, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Oxford, ni mo ti rí i. Stradivari, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ fáólìnì, ló ṣe é ní 1688. Mi ò mọ̀ pé ó ṣe gìtá rí! Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, okùn rẹ̀ tò ní méjì-méjì lọ́nà márùn-ún. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò kúrò níwájú ẹ̀.

Mo tọ́jú owó fún ọdún méjì, mo fi ra àwòṣe irú ẹ̀ kan. Mo délé, mo ṣí orin Gaspar Sanz, ará Sípéènì tó tẹ ìwé gìtá jáde ní 1674. Orin tó ń jáde ò jọ èyí tó wà nínú ìwé rárá. Ohùn tó yẹ kó máa gun àkàsọ̀ lọ sókè á ṣàdédé já lulẹ̀ gbì. Mo rò pé ọwọ́ mi ni.

Ìgbà tí mo fara balẹ̀ ka ohun tí Sanz sọ nípa okùn ni ojú mi là. Ó ní okùn tín-ín-rín nìkan ni àwọn ọ̀gá ní Róòmù ń lò, wọn kì í fi okùn tó nípọn, tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sísàlẹ̀, sí ipò kẹrin àti ìkarùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ fi gìtá pariwo lè lo tó nípọn, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa ta ohùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tín-ín-rín ni kó fi sí i. Tó nípọn sì ni ẹni tó ṣe tèmi fi sí i! Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fi okùn ìfun àgùntàn tín-ín-rín dípò. Ohùn kọ̀ọ̀kan wá bọ́ sórí okùn tirẹ̀, èyí ò tíì dákẹ́ tí èkejì fi ń dún. Ìyàwó mi pè láti kíṣìnnì: "Agogo wo ló ń dún yẹn?"

Lójú tèmi, àwòṣe tó jọ ti àtijọ́ lójú, tí okùn rẹ̀ ò jọ ọ́, gìtá òde òní ni.

*Ìdáhùn láti Manchester*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Omijé bọ́ lójú mi. Ìlà ọrùn gìtá, ìyẹn àwọn ìlà tí à ń tẹ okùn mọ́, ló fìyà jẹ èmi. Kì í ṣe irin, ìfun ni wọ́n so yí ọrùn rẹ̀ ká, tó nípọn lápá òkè, tó ń tín-ín-rín bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń so ó báyìí. Tí mo bá ti fà á le, màá fi iná ìṣáná kan etí rẹ̀, á wú di kókó, kò ní tú mọ́. Òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń jó irun ara ewúrẹ́ lójú iná.