Ṣé kí n dúró de iṣẹ́ ìjọba ní Adó-Èkìtì, àbí kí n wá nǹkan mìíràn ṣe?

Ọmọ Ìjerò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ láti ọdún tó kọjá. Àwọn òbí mi fẹ́ kí n dúró títí ìjọba ìpínlẹ̀ yóò fi gba olùkọ́, ṣùgbọ́n owó tí ilé ìwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ni ń san kò ká owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. N kò sì fẹ́ lọ sí Èkó láìní ilé tí n óò dé sí. Kí ni ènìyàn lè ṣe nílẹ̀ Èkìtì tí yóò fi máa bọ́ ara rẹ̀?

Àgbà Adó:
Àbúrò mi, àwọn òbí rẹ kò ṣì sọ, ṣùgbọ́n wo iye àyè tó wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Èkìtì lára Oǹdó ní 1996, ilé iṣẹ́ ńláńlá kò pọ̀ níbí, bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì ìpínlẹ̀ l'Ádó àti ti ìjọba àpapọ̀ l'Ọ́yẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ń kó ọmọ jáde lọ́dọọdún. Òṣìṣẹ́ ọba a sì máa pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì, kí àyè rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Kọ orúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kéde (má fún ẹnikẹ́ni lówó pé kí ó bá ọ wá a o!), ṣùgbọ́n má fọwọ́ lẹ́rán.

Ìyá Gàrí, Ìkẹ́rẹ́:
Ọmọ mi, èmi náà ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, NCE, iṣẹ́ gàrí ni mo sì ń ṣe. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí a bá ti wú u, kò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí ó fi ń bàjẹ́. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, tàbí tí òjò kò jẹ́ kí ọkọ̀ lè gba ọ̀nà oko, ibẹ̀ ni owó ń gbà lọ. Ẹni tí kò bá tẹ omi rẹ̀ gbẹ dáadáa kí ó tó sẹ́ ẹ, gàrí rẹ̀ yóò dì kókó nínú agbada. Nítorí náà, má tíì yáwó, pàápàá owó orí fóònù yẹn tí wọ́n á fi máa kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú sí àwọn ẹbí ẹni. Kọ́kọ́ bá àwọn tó ń ṣe é ṣiṣẹ́, láti orí bíbó títí dé orí yíyan.

Oníná Sólà:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, onígbàjámọ̀ àti aránṣọ tí epo jẹnẹrétọ̀ ti sú ló ń wá sólà. Àjọ NDE, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1986, máa ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́. Owó irinṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ló máa ń nira.

Ọmọ Ìjerò:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọjọ́ Sátidé àti àkókò ìsinmi nìkan ni mo ráyè. Ṣé wọ́n lè gba irú mi?

Ìyá Gàrí, Ìkẹ́rẹ́:
Wọn yóò gbà ọ́, nítorí iye iṣẹ́ tí o bá ṣe ni wọn yóò san. Ṣáà tètè dé; bí o bá pẹ́, àwọn ẹlòmíràn á ti bó ẹ̀gẹ́ tán.