Èsì Pap smear (àyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì ẹnu ilé ọmọ) méjì tí kò yanjú: kí ló kàn?

Àdùkẹ́, Ìwó Road: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èsì obìnrin méjì dé láti lábù. Ti ẹni ọdún 38 ni «unsatisfactory», ti ẹni ọdún 41 ni «ASC-US». Kò sí oyún nínú ìkankan. Ṣé ká kàn ní kí àwọn méjèèjì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta?

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu: Rárá o, ọ̀nà wọn ò pa pọ̀. Unsatisfactory kì í ṣe èsì rárá, lábù ò rí ohun tó tó kà ni. Ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún lè bo sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì lè má tó, sẹ́ẹ̀lì orí gíláàsì sì lè ti gbẹ kí wọ́n tó rì í sínú ọtí (alcohol) 95%. (Ọwọ́ àwa tí à ń gbà á ni ti gbígbẹ yẹn wà, ẹ má dá obìnrin lẹ́bi.) Kó padà wá láàárín oṣù 2 sí 4. Bí àrùn ojú ara bá wà, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Kó má wá nígbà nǹkan oṣù, kó sì yẹra fún ìbálòpọ̀, oògùn tí wọ́n ń kì sójú ara àti fífọ inú rẹ̀ fún wákàtí 48. Bó bá tún jáde bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, colposcopy (fífi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ẹnu ilé ọmọ) ló kàn.

Onílábù: ASC-US ní tirẹ̀, ìrísí sẹ́ẹ̀lì yí díẹ̀, a ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó bàjẹ́. Àyẹ̀wò HPV (kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ) ló máa là á. Bí kò bá sí HPV, ó di ọdún 3 kó tó tún ṣe àyẹ̀wò. Bó bá wà, colposcopy. Bí agbára àyẹ̀wò HPV ò bá sí, kó tún Pap ṣe lẹ́yìn ọdún 1. Ẹni tó ní HIV, oṣù 6 sí 12. Ẹ tún ìwé náà kà dáadáa o: bó bá jẹ́ ASC-H (ìyípadà sẹ́ẹ̀lì tó ṣeé ṣe kó ti le), colposcopy ni tààrà, kò sí ìdúró kankan níbẹ̀.

Àdùkẹ́, Ìwó Road: Ẹ ṣé gan-an. Ìyá ọdún 41 ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ abẹ ni colposcopy.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu: Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Bó ṣe dùbúlẹ̀ fún Pap náà ló máa dùbúlẹ̀. Wọ́n á fi acetic acid 3 sí 5% pa ẹnu ilé ọmọ, ibi tó bá funfun ni wọ́n ń wò, wọ́n sì lè já ẹran bíńtín níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè kán fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá ń kọ ìwé rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn UCH, ẹ kọ nọ́ńbà lábù àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí i. Kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù méjì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí orí fóònù tí kò lọ ni ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ti ń já.